Bí a ṣe ń tún àyè díìsìkì pín láàárín Windows àti Ubuntu lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo

Ẹni tó bá fi Windows àti Ubuntu sórí lápútọ́ọ̀pù kan náà, tó fún Ubuntu ní 60 GB pẹ̀lú èrò pé ó ti tó, yóò rí i lọ́jọ́ kan pé ìkìlọ̀ kékeré yọ lójú kọ̀ǹpútà pé àyè ti ń tán, nígbà tí Windows tí kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́ jókòó sórí 404 GB tí èyí tó ju ìdajì rẹ̀ lọ sì ṣófo. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni pé kí a gé lára ti Windows, kí a fi kún ti Ubuntu, kí ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ kì í tán bẹ́ẹ̀, nítorí pé díìsìkì kì í ṣe àpò ìrẹsì tí a lè bù láti ibi tó bá wù wá. Ilẹ̀ tí a ti ri òkúta ààlà mọ́ ló jọ. Bí mo bá fẹ́ gba ilẹ̀ kún tèmi, èyí tó bá mi pààlà nìkan ni mo lè gbà. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé ẹlòmíràn kò wúlò fún mi, àfi bí ẹni tó wà láàárín bá kọ́kọ́ ṣí kúrò. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibi tí àyè bọ́ sí ṣe pàtàkì ju bí ó ti pọ̀ tó lọ, òun náà ló sì ń pinnu bóyá iṣẹ́ yóò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí yóò gba òru kan gbáko.

Èmi yóò fi díìsìkì 500 GB kan ṣe àpẹẹrẹ. Windows yóò pè é ní 465 GB, nítorí pé 1,000 ni ẹni tó ṣe díìsìkì fi ń kà, 1,024 sì ni Windows fi ń kà. Kò sí ẹni tó jí ìyókù. Láti apá òsì lọ sí apá ọ̀tún, àwọn ìpín tó wà lórí rẹ̀ ni ìpín EFI tí fáìlì ìtanná kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ 100 MB, ìpín kékeré kan tí Windows fi pamọ́ fún ara rẹ̀ tó jẹ́ 16 MB, C: tó jẹ́ nǹkan bíi 404 GB, ìpín Recovery tí Windows fi ń gba ara rẹ̀ là, tí kò tó 1 GB, àti Ubuntu tó gba 60 GB ìkẹyìn. Bí àwọn ìpín ṣe tò lórí ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù tí a ra pẹ̀lú Windows kí a tó fi Linux, ìdílé tí Ubuntu wà nínú rẹ̀, kún un nìyẹn.

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ààlà kankan, ẹ wádìí bóyá Ubuntu nílò ilẹ̀ ní tòótọ́. Àṣẹ yìí yóò fi hàn yín fódà tó ń jẹ àyè jù:

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

Mo ti rí kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ iṣẹ́ inú rẹ̀ àti àwọn àpò ìfisórí àtijọ́ gba ju 10 GB lọ. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sudo apt clean àti sudo journalctl --vacuum-size=200M lè tó oògùn, kí ẹ sì fi díìsìkì sílẹ̀ bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ /home ló ń jẹ àyè, tí ohun tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ yín, àwòrán yín àti fídíò yín, ìgbà náà ni kí ẹ tẹ̀síwájú.

Ẹ da gbogbo ohun tí ẹ kò fẹ́ pàdánù kọ sórí háàdì díìsìkì mìíràn, láti inú Windows àti láti inú Ubuntu. Èmi kì í bá ẹni tí kò tíì ṣe èyí dá sí iṣẹ́ ààlà, kódà bí ó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ àṣẹ lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE,MOUNTPOINT,UUID nínú Ubuntu, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán ohun tó bá jáde. Ẹ pa àwòrán ààlà fúnra rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú, kí ẹ sì gbé fáìlì náà sórí fíláàṣì, nítorí pé kò ní wúlò bí ó bá wà lórí díìsìkì tó fẹ́ bàjẹ́:

sudo sfdisk -d /dev/sda > ipin.txt

Bí díìsìkì yín bá jẹ́ irú NVMe, orúkọ rẹ̀ kò ní jẹ́ sda bí kò ṣe nvme0n1, àwọn ìpín rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ nvme0n1p1, nvme0n1p2 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun mẹ́ta ló tún kù nínú Windows. Àkọ́kọ́ ni BitLocker, nítorí pé ọ̀pọ̀ lápútọ́ọ̀pù ló ti fi kọ́kọ́rọ́ ti C: pa kí olówó rẹ̀ tó mọ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ manage-bde -status. Bí ó bá sọ pé Protection On, ẹ lọ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà yín, tó ní nọ́ńbà 48 nínú, nínú àkáǹtì Microsoft tí ẹ fi wọlé sórí kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì dá ìṣọ́ rẹ̀ dúró báyìí:

manage-bde -protectors -disable C: -RebootCount 0

Àṣẹ yìí kò tú fáìlì yín sílẹ̀. Ṣe ló kàn ní kí Windows má ṣe bèèrè kọ́kọ́rọ́ bí ó bá rí i pé nǹkan ti yí padà nídìí ìtanná kọ̀ǹpútà. Èkejì ni Fast Startup. Nígbà tí ó bá wà ní títàn, Windows kì í kú tán bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà. Ó máa ń sùn díẹ̀, ó sì máa ń fi C: sílẹ̀ bí ẹni tó ṣì ń lò ó lọ́wọ́. Àṣẹ powercfg /h off ló ń mú un kúrò, tí yóò sì pa fáìlì hiberfil.sys tó tóbi rẹ́ pẹ̀lú. Lórí kọ̀ǹpútà tó ní ètò ìṣiṣẹ́ méjì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tàn án mọ́ láéláé. Ẹ̀kẹta ni àṣẹ chkdsk C: /f, tó ń yẹ C: wò tó sì ń tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, tí yóò ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn, nítorí pé bí àṣìṣe bá ti wà nínú C:, kò dára kí a sún ààlà lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ iná kò ṣeé fojú fò. Nígbà kan, mo ń sún ìpín kan lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS, mo sì gbẹ́kẹ̀ lé iná tí kò tíì lọ láti òwúrọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ dé ìdajì, iná lọ. Ìdajì fáìlì ti wà ní ibùgbé tuntun, ìdajì ṣì wà ní ti àtijọ́, ètò ìṣiṣẹ́ kankan kò sì mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ mọ́. PhotoRec ni mo fi wá àwọn àwòrán jáde lẹ́yìn náà, gbogbo wọn ló sì jáde láìní orúkọ. Bátìrì lápútọ́ọ̀pù tó kún, tí ṣájà sì wà lára rẹ̀, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí bátìrì yín bá ti gbó, ẹ so ó mọ́ ínfátà.

Gígé lára Windows

Irinṣẹ́ Windows fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi dín C: kù. GParted, irinṣẹ́ Linux tí a fi ń pín díìsìkì, lè ṣe é, ṣùgbọ́n Windows ló mọ ibi tí ó kó ẹrù rẹ̀ sí, láti ìgbà Windows Vista ló sì ti ní irinṣẹ́ yìí. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ diskmgmt.msc, ẹ fi ọ̀tún máòsì tẹ C:, kí ẹ sì yan Shrink Volume. MB ni yóò fi bi yín ní iye tí ẹ fẹ́ gé, nítorí náà 100 GB jẹ́ 102400. Ẹ má ṣe gé e dé eegun: Windows 11 nílò 64 GB kí ó tó lè wọlé rárá, àwọn àtúnṣe ńlá rẹ̀ sì máa ń fẹ́ àyè láti na ẹsẹ̀ sí.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dúró. C: lè ní 200 GB tó ṣófo, kí Windows sì sọ pé 9 GB péré ni òun lè gbà kí ẹ gé. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa. Láti apá ọ̀tún ló ti ń gé, bí fáìlì kan tí kò ṣeé ṣí nídìí bá sì wà nítòsí ìpẹ̀kun ìpín náà, kò lè kọjá ibẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àyè tó wà lápá òsì fáìlì náà ṣófo bí ọjà tó ti tú. Àwọn tó sábà máa ń dènà ni hiberfil.sys, tí a ti pa rẹ́ lókè, pagefile.sys, àti àwọn ẹ̀dà tí System Protection ń tọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń dí yín lọ́nà gan-an, ẹ ṣí Event Viewer, ẹ wọ Windows Logs, kí ẹ wọ Application, kí ẹ wá ìròyìn tó ní nọ́ńbà 259. Orúkọ fáìlì náà yóò wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pagefile.sys, ẹ yan No paging file nínú ààtò Virtual memory, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ sì gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́ ni, ẹ pa System Protection fún ìgbà díẹ̀. Ní ìgbà púpọ̀, 9 GB yẹn máa ń di 90 tàbí 150 lẹ́yìn èyí.

Nígbà tí gígé bá parí, ẹ ó rí pápá dúdú kan tí wọ́n kọ Unallocated sí. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án nínú Windows. Bí Windows bá sì bi yín bóyá kí òun ṣe format ìpín kan tí òun kò dá mọ̀, ẹ sọ pé rárá, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ìpín náà jẹ́ Ubuntu yín.

Ọ̀nà méjì

Ẹ wo ibi tí àyè tuntun náà bọ́ sí. Ó wà láàárín C: àti Recovery, Ubuntu sì wà lẹ́yìn Recovery, èyí tó túmọ̀ sí pé Ubuntu kò bá àyè náà pààlà rárá. Ọ̀nà kan ni pé kí a sún Recovery lọ sí òsì, kí a wá na ààlà òsì Ubuntu títí yóò fi gba àyè náà. Ọ̀nà kejì ni pé kí a má sún ẹnikẹ́ni, kí a kọ́ ilé tuntun sórí ilẹ̀ tuntun, kí a sì kó /home lọ síbẹ̀. Èmi fara mọ́ ọ̀nà kejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ rí ìpín kan ṣoṣo tó tóbi. Bí ẹ bá na ìpín sí ọ̀tún, ètò ìṣiṣẹ́ á kàn kọ ìwé tuntun nípa ibi tí ilẹ̀ rẹ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí òsì, gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ni a ó rù láti ibì kan dé ibòmíràn, pẹ̀lú gbogbo ewu tí mo ti sọ.

Fún ọ̀nà kejì, ẹ fi fíláàṣì tí Ubuntu wà lórí rẹ̀ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì yan pé ẹ fẹ́ dán an wò láìfi sórí. Ẹ ṣí GParted. Bí kò bá sí lórí ẹ̀dà yín, GParted Live wà lọ́tọ̀ fún fíláàṣì. Ní igun òkè lápá ọ̀tún, ẹ rí i dájú pé díìsìkì tí ẹ ń wò jẹ́ èyí tó ní 465 tàbí iye tó sún mọ́ ọn, kì í ṣe fíláàṣì. Ẹ tẹ àyè tí a kò tíì pín, ẹ yan New, ẹ fi ext4, ọ̀nà tí Ubuntu ń gbà to fáìlì sórí ìpín, sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú rẹ̀, kí ẹ sì tẹ àmì Apply. GParted kì í ṣe nǹkan kan títí ẹ ó fi tẹ àmì náà, nítorí náà ẹ lè ka ohun tí ẹ tò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìpín tuntun náà yóò jẹ́ sda6 bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wà láàárín sda3, tó jẹ́ C:, àti sda4, tó jẹ́ Recovery; Ubuntu ni sda5. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dà yín láàmú. Nọ́ńbà ń tẹ̀lé ẹni tó kọ́kọ́ dé, kì í tẹ̀lé ibi tí ilé wà.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú ìkọ àṣẹ. Mo fún fódà méjì tí a ó lò ní orúkọ tí kò lè ru ẹnikẹ́ni lójú:

sudo mkdir /mnt/atijo /mnt/tuntun
sudo mount /dev/sda5 /mnt/atijo
sudo mount /dev/sda6 /mnt/tuntun
sudo cp -a /mnt/atijo/home/. /mnt/tuntun/
sudo mv /mnt/atijo/home /mnt/atijo/home.atijo
sudo mkdir /mnt/atijo/home

Lẹ́tà a tó wà nínú cp -a ló ń jẹ́ kí fáìlì kọ̀ọ̀kan mọ olówó rẹ̀ níbi tó bá dé. Bí ẹ bá fi -r rọ́pò rẹ̀, gbogbo nǹkan yóò di ti root, alábòójútó Linux, ẹ kò sì ní lè wọlé sínú iṣẹ́ yín. Ẹ tún kíyè sí i pé orúkọ ni a yí padà lára /home àtijọ́, a kò pa á rẹ́. Ẹ wá tẹ sudo blkid /dev/sda6, ẹ da UUID, àmì ìdánimọ̀ ìpín náà, tó bá fi hàn yín kọ, ẹ ṣí fáìlì fstab, tó ń sọ ibi tí Ubuntu yóò so ìpín kọ̀ọ̀kan mọ́, pẹ̀lú sudo nano /mnt/atijo/etc/fstab, kí ẹ sì fi ìlà kan kún ìsàlẹ̀ rẹ̀:

UUID=èyí-tí-ẹ-dà-kọ /home ext4 defaults 0 2

Ẹ fi pamọ́, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ fíláàṣì, kí ẹ tan Ubuntu. Bí ó bá wọlé tí gbogbo nǹkan wà ní ipò rẹ̀, ẹ tẹ df -h /home. Ó yẹ kí ẹ rí sda6 níbẹ̀. Bí ó bá dúró sójú dúdú tó sọ pé emergency mode, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé UUID ni ẹ ṣì kọ. Ẹ padà fi fíláàṣì tàn án, kí ẹ sì tún ìlà yẹn ṣe.

Àwọn kan yóò sì ní ìdí láti gba ọ̀nà kìíní, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé kì í ṣe /home ló kún. Nínú Windows, ẹ kọ́kọ́ tẹ reagentc /disable, kí Windows kó ohun ìgbàlà rẹ̀ jáde nínú Recovery sínú C: fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti orí fíláàṣì, nínú GParted, ẹ sún sda4 lọ sí òsì pátápátá; kò ní pẹ́, nítorí pé kò tó 1 GB. Ẹ wá yan sda5, ẹ yan Resize/Move, kí ẹ fa etí òsì rẹ̀ títí yóò fi kan Recovery. GParted yóò kìlọ̀ pé sísún ìbẹ̀rẹ̀ ìpín lè mú kí ètò ìṣiṣẹ́ má gbérí mọ́. Òótọ́ ni lórí àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń lo MBR, ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń kọ ààlà díìsìkì sílẹ̀. Lórí èyí tó ń lo UEFI, ètò ìtanná tuntun, àti GPT, ọ̀nà tuntun tí a fi ń kọ ààlà sílẹ̀, UUID ni GRUB, ètò tó ń tan Ubuntu, fi ń wá Ubuntu, sísún kì í sì í yí UUID padà. Bí ẹ bá rí àwòrán kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpín kan, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́; ẹ yan Unmount, tàbí Swapoff bí ó bá jẹ́ swap, àyè tí Linux fi ń ran RAM lọ́wọ́. Lẹ́yìn Apply, ẹ lọ jẹun. Ẹ má ṣe pa á dànù nítorí pé ó jọ bí ẹni pé kò lọ mọ́.

Bí ẹ bá wà lórí MBR, ẹ rántí pé ìpín mẹ́rin péré ni ó gbà ní tààrà, àti pé àwọn ìpín tó kù máa ń gbé inú ìpín ńlá kan tí wọ́n ń pè ní extended. Ẹ gbọ́dọ̀ na ògiri ìta yẹn kí ẹ tó na yàrá tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn tó fẹ́ ṣe é ní ìdàkejì, láti gba lọ́wọ́ Linux fún Windows, ní wàhálà díẹ̀ sí i. Extend Volume inú Windows kì í ṣiṣẹ́ àfi bí àyè bá lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún C: gan-an, nítorí náà Recovery gbọ́dọ̀ ṣí lọ sí ọ̀tún. Ext4 kò sì ṣeé dín kù nígbà tí a ń lò ó. Láti orí fíláàṣì ni. Bí ó bá jẹ́ Fedora Workstation ni ẹ ń lò, Btrfs ló ti wà lórí rẹ̀ dípò ext4 láti ẹ̀dà 33 ti ọdún 2020, a sì lè dín òun kù bí ó tilẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́. XFS, irú mìíràn, ni kí ẹ ṣọ́ra fún: GParted lè nà án, ṣùgbọ́n kò lè dín in kù, àfi kí ẹ kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, kí ẹ pa ìpín náà rẹ́, kí ẹ sì tún un dá.

Bí GRUB bá kọ̀ láti yọjú lẹ́yìn ọ̀nà kìíní, tí kọ̀ǹpútà sì wọ Windows tààrà, ẹ kọ́kọ́ wo ètò ìtanná inú UEFI. Ó ṣeé ṣe kí Windows kàn ti bọ́ síwájú ubuntu nínú àtòjọ ni, kí ẹ sì dá wọn padà sí ipò wọn. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, láti orí fíláàṣì, ẹ so sda5 mọ́ /mnt, kí ẹ so sda1, ìpín EFI, mọ́ /mnt/boot/efi, kí ẹ so /dev, /proc, /sys àti /sys/firmware/efi/efivars mọ́ ibi tó bá wọn mu nínú /mnt pẹ̀lú mount --bind, kí ẹ wọlé pẹ̀lú sudo chroot /mnt, kí ẹ sì tẹ grub-install àti update-grub níbẹ̀.

Ìtúnṣe tó kù wà nínú Windows. Ẹ dá ààtò Virtual memory àti System Protection padà, ẹ tẹ manage-bde -protectors -enable C: bí ẹ bá ti dá ìṣọ́ dúró, àti reagentc /enable bí ẹ bá ti gba ọ̀nà kìíní, reagentc /info yóò sọ fún yín bóyá ó ti padà di Enabled. Ẹ fi /home.atijo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa ṣiṣẹ́ yín bí ẹ ti ń ṣe é, kí ẹ ṣí àwọn fáìlì tí ẹ kì í sábà ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo rm -r /home.atijo, ìgbà yẹn gan-an ni 60 GB àkọ́kọ́ náà yóò tó mí, nítorí pé láti ọjọ́ tí ẹ ti kó /home kúrò, ẹrù àtijọ́ ṣì wà nínú rẹ̀.